Ẹ̀gbẹ́ Ọmọ Mi, Dọ́là Méjìlélógójì

Ní pápákọ̀ òfurufú Winnipeg, aago márùn-ún ìdájí,
òtútù ti gé wa létí jẹ kí a tó wọlé.
Ẹniafẹ́ wọ bàtà yìnyín rẹ̀ lódìlódì,
ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ní òun ló mọ̀ ọ́n wọ̀.
Mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀,
aṣọ ilé ìtọ́jú arúgbó ṣì wà lábẹ́ kóòtù mi.

Ọmọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀:
"Ìlà kọkànlá ni tiyín. Ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ti ọmọ.
Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ti ara yín, dọ́là méjìlélógójì ni."
Mo ní, lórí àwa méjèèjì?
"Lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mà. Owó orí kò tíì sí níbẹ̀."

Nígbà tí ìyá mi pọ̀n mí wọ ọkọ̀ akẹ́rù n'Ílá,
dẹ́rẹ́bà ka èrò, ó ka ewúrẹ́, ó ka àpò gààrí,
ó fò mí kọjá.
Ó ní ẹni tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò tíì wọkọ̀.

Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi wúkọ́:
"Ẹni tó ti fowó ra àyè tirẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ńkọ́?
Kí ni tọ̀hún ṣẹ̀ yín?"
Òótọ́ ni, n kò lè pè é ní èké.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí òpó iná,
ó ra ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí orúnkún rẹ̀ lè ríbi nà sí.
Ṣùgbọ́n orúnkún kì í ké pe ìyá lójú oorun.

N kò san án. Kì í ṣe agídí nìkan,
dọ́là mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni nílé wa.
Mo sì rò pé ojú á tì wọ́n bí wọ́n bá rí bó ti kéré tó.
Bàálù ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, kò lójú.

Ta ni mo bá ní ìlà kọkànlá? Ọmọ ọlọ́mọ.
Tavish, ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.
Ó nàka sẹ́yìn. Obìnrin kan gbọ́wọ́ sókè lọ́ọ̀ọ́kán,
èmi náà gbọ́wọ́.
A dìde ká pààrọ̀, iná bẹ́líìtì tàn, wọ́n ní ká jókòó.
Ìjì gbé wa láti orí Kenora títí a fi ré adágún Superior kọjá.

Bàálù já lẹ́ẹ̀kan, ìfun gbogbo wa gòkè.
Ọmọ náà gbá ọwọ́ mi mú, kò bi mí ní iye.
Mo fi etí aṣọ iṣẹ́ mi nu ikun rẹ̀,
mo ń ní "ó tó, ó tó, ọkọ mi" lédè Yorùbá,
ẹnu mi kò mọ̀ pé tèmi kọ́ nìyí.

Mo ń gbọ́ ẹkún kan lẹ́yìn.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́,
ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ.
Ọwọ́ ta ni?
Ṣé ó mọ̀ pé ìpàkọ́ ni wọ́n ń bá a fọwọ́ pa?

Ní Toronto, ó tọ ọ̀nà àárín bọ̀,
ó di ìka ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nì mú.
Èébì ti gbẹ mọ́ ọkùnrin náà láyà.
Bàtà ọmọ mi wà ní ẹsẹ̀ tó yẹ.
Mo ní, "Èló ni mo jẹ yín?"
Ó wo ẹ̀wù rẹ̀, ó wò mí, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú la ó padà.
Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù: ó ti di márùndínlọ́gọ́ta.
Ìka mi dúró lókè ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀.
Ẹniafẹ́ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi,
ó fi ẹsẹ̀ kọ́ mi lẹ́sẹ̀,
lọ́fẹ̀ẹ́.